Káàdì Àjẹsára tí Mo Fi Bíírò Kọ
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa sọ níbi àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́, ní Kirikiri)

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ni mo máa sọ. Rárá o. Ọ̀rọ̀ káàdì àjẹsára àwọn ọmọ wa ni, torí pé èmi fúnra mi ti jẹ̀bi lórí ẹ̀.

Nígbà tiwa, bí wọ́n bá mú ọmọ dé ilé ìwé, ọ̀gá á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó ti tó ilé ìwé nìyẹn. Lóde òní, ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì àjẹsára ni ilé ìwé púpọ̀ ń béèrè, àwọn jẹ́lé-ó-sinmi náà ń béèrè ẹ̀. Wọn ò dá a sọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ pé òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba àjẹsára ẹ̀ pé. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tiwọn ní 2007.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa wá bá mi ní ìsọ̀. Ibi tó fẹ́ máa fi ọmọ ẹ̀ sí kó tó wá sọ́jà ní káàdì dà. Ọmọ ti gba ti ọjọ́ ìbí, ó gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyá ò padà lọ fún ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ló bọ́ sí ọjọ́ tí ọjà ẹ̀ ń dé, nọ́ọ̀sì kan sì ti bú u lójú gbogbo èèyàn pé ó pẹ́. (Àwọn tó ń bú ìyá ọmọ báyìí, ṣé wọ́n mọ iye ọmọ tí wọ́n ń lé sílé?) Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ bá mi kún un." Mo mú bíírò, mo kọ ọjọ́ sí gbogbo àyè tó ṣófo. Mo rò pé àánú ni mo ṣe.

Oṣù kejì, èéyi mú ọmọ náà. Ojú ẹ̀ pọ́n, ara ẹ̀ sú láti orí dé ẹsẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ọmọ ẹlòmíì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, ọmọ oṣù méje, tí òun náà kó o. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́, ìkejì di oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ oṣù méje ò tíì tó gbà á. Bí kò bá fẹ́ kó o, àfi kí àwọn ọmọ tó yí i ká ti gba tiwọn. Afẹ́fẹ́ ni èéyi ń bá rìn. Ọmọ tó ní in lè wúkọ́ nínú yàrá kó sì jáde, kí ó ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún bíi wákàtí méjì. Ìdí gan-an tí wọ́n fi ń béèrè káàdì lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, èmi ni mo fi bíírò mi ṣílẹ̀kùn.

Àwọn ọmọ méjèèjì yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré yẹn sùn sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀yáwó tí ìyá ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ẹ̀wà, ibẹ̀ ló bá lọ. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín.

Àwọn kan á ní, ṣé kò sí nǹkan míì nínú abẹ́rẹ́ yìí? Mo gbọ́ ọ dáadáa ní October 2023, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gún ti jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá. Irú àhesọ kan náà ni wọ́n gbọ́ ní Kano ní 2003, pé oògùn rọpárọsẹ̀ ń sọni di àgàn. Wọ́n dá a dúró, àrùn náà sì gba ibẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè míì. Ó di August 2020 kí wọ́n tó kéde pé ojúlówó kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹ̀yin ìyá wa tí àpá búpá wà lápá yín, ẹ mọ èyí tí a kì í pe orúkọ ẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ n pè é, kò sí mọ́: ṣànpọ̀nná. Láti 1980 ni wọ́n ti kéde pé ó tán láyé.

Bí omi bá wọlé tó ba káàdì jẹ́, bó ṣe ń ṣe wá ní àdúgbò yìí, ẹ padà síbi tí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ní rẹ́jísítà. Ẹ sọ orúkọ ọmọ àti oṣù tí ẹ lọ. Bí ọmọ bá ti fo àwọn kan, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibi tó dúró ni wọ́n á ti tẹ̀ síwájú. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ kí n bá òun kún káàdì, bíírò mi ti gbẹ.

Ìgbìmọ̀ ti gbà báyìí: láti ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó ní ọmọ kékeré mú fótókọ́pì káàdì wá, a ó kó o sínú àpótí irin tí ìwé owó wa wà. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ẹni tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa bá ìyá ọmọ tajà títí á fi dé, ẹgbẹ́ ò sì ní bu owó ìtanràn lé e pé ó pẹ́ dé ìpàdé. Ọwọ́ àwọn ẹlẹ́lùbọ́ la ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ló ní ọmọ ọwọ́ jù.