Ìwọ̀n Ọmọ Ọwọ́ àti Àìsàn Àgbà
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìlera, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń dá àwọn ènìyàn wa dúbúlẹ̀ ní ìlú Kánò yìí ju bí a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀wà ni mo ń tà ní Sábọ̀n Gàrí, ìwé orúkọ àti ìwé owó ẹgbẹ́ ni ó sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, nítorí ìwé àkọsílẹ̀ àti òṣùwọ̀n ni ó fi ṣe é.

David Barker ni orúkọ rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní ọdún 1938, ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2013. Dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí í jókòó de aláìsàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ka iye ènìyàn tí àrùn kan mú, kí ó wo ibi tí wọ́n ń gbé, ohun tí wọ́n ń jẹ àti ọjọ́ orí wọn, títí yóò fi rí ọ̀nà tí àrùn náà gbà wọlé. Ní ọdún 1969 ó lọ sí ilẹ̀ Uganda láti wádìí egbò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Buruli, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ẹ̀bá irà odò Náílì. Nígbà tí ìlú dàrú lábẹ́ Idi Amin, ó padà sí England ní 1972, ó sì fi Southampton ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ní ayé ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé àrùn ọkàn jẹ́ àrùn olówó. Bọ́tà, mọ́tò àti àga ọ́fíìsì ni wọ́n ní ó ń fà á. Àwa náà ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀ nínú ìsọ̀, a óò ní ìgbádùn ti pọ̀ jù fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ England àti Wales, tí wọ́n sì fi iye àwọn tí ó kú láti 1968 dé 1978 sí i, wọ́n rí i pé àwọn àdúgbò tálákà, ní àríwá England àti ní Wales, ni àrùn ọkàn ti ń pa ènìyàn jù. Bí ó bá ṣe pé ọrọ̀ ni ó ń fà á, kí ni ó dé tí kò fi pa àwọn ọlọ́rọ̀ ìhà gúúsù tó bẹ́ẹ̀?

Òun àti Clive Osmond wá mú ìwé àtijọ́ jáde. Wọ́n wo iye ọmọ ọwọ́ tí ó kú ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí láti 1921 dé 1925, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àrùn ọkàn, ní àdúgbò 212. Àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀. Ibi tí ọmọ ọwọ́ ti kú púpọ̀ láyé ọjọ́un, ibẹ̀ náà ni ọkàn ti ń pa àgbàlagbà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1986 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ohun tí ó wà lọ́kàn Barker ni pé ọmọ tí ó kú ti kú. Èyí tí kò kú ńkọ́? Ebi àti àìlera kan náà ni ó bá a nínú oyún àti ní ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé àpá rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n àdúgbò kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ènìyàn kọ̀ọ̀kan tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí i, kí ó sì mọ ohun tí ó pa á nígbà tí ó dàgbà. Níbo ni ènìyàn yóò ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a káàkiri ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Ní Hertfordshire, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ni èyí tí ó dára jù ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìwé yìí, nítorí òun ni ó wù mí jù nínú ìtàn náà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Boer jà ní gúúsù Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá wọ iṣẹ́ ológun ni a dá padà nítorí pé ara wọn kò dá pé. Ẹ̀rù ba ìjọba. Ní Hertfordshire, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ethel Margaret Burnside ni ó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn agbẹ̀bí. Láti 1911, bí a bá ti bímọ, agbẹ̀bí yóò wọn ọmọ, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò máa lọ bẹ ọmọ náà wò nílé ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́, yóò kọ bóyá ọmú ni ó ń mu tàbí ìgò, yóò kọ àìsàn tí ó ṣe é àti iye eyín tí ó ti hù, tí ó bá sì pé ọdún kan, yóò tún wọ̀n ọ́n. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ìwé ńlá. Ìyá yìí kò lè mọ̀ pé ẹnì kan yóò wá ṣí ìwé náà lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Àwọn kan wà níhìn-ín tí í bínú sí mi bí mo bá béèrè ọjọ́ ìbí ọmọ wọn fún ìwé ẹgbẹ́. Èmi kò ní dákẹ́ béèrè.

Àwọn ọkùnrin 5,654 tí a bí ní àgbègbè mẹ́fà ní Hertfordshire láàrin 1911 àti 1930 ni wọ́n tọ ipasẹ̀ wọn. Ní 1989 èsì jáde. Bí a bá fi 100 dúró fún bí àrùn ọkàn ti ń pa ọkùnrin ní gbogbo ilẹ̀ náà, àwọn tí kò ju kílò 8.2 lọ nígbà tí wọ́n pé ọdún kan jẹ́ 111. Àwọn tí wọ́n tó kílò 12.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ jẹ́ 42. Ìyẹn ni pé ewu tí ó wà lórí àwọn ti àkọ́kọ́ ju ìlọ́po méjì ti àwọn kejì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òṣùwọ̀n tajà, ẹ mọ ohun tí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ wo oníṣòwò tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Yóò kọ́kọ́ san owó ìsọ̀, nítorí bí wọ́n bá lé e jáde, ó parí. Àtúnṣe òrùlé á dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ inú ń ṣe. Bí oúnjẹ tí ń wá láti ara ìyá kò bá tó, ọpọlọ ni ó ń kọ́kọ́ dáàbò bò. Kíndìnrín àti ẹ̀yà inú tí ń bójú tó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò gba ìyókù. Àwọn asẹ́ kéékèèké inú kíndìnrín sì rèé, kí a tó bíni ni iye wọn ti pé. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré kò tún lè rí òmíràn kún un. Yóò dàgbà, yóò lágbára, yóò ru àpò, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tó àádọ́ta ọdún, òrùlé tí a kò tún ṣe yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní 1992 ni òun àti Nicholas Hales kọ irú àlàyé yìí nípa àtọ̀gbẹ.

Àwọn onímọ̀ bá a jiyàn gidigidi. Wọ́n ní bóyá òṣì tí ènìyàn bá wá sáyé ni ó ń bá a dàgbà, tí sìgá àti oúnjẹ burúkú sì ń parí iṣẹ́. Títí di òní, iyàn ṣì wà lórí bí ipa ìgbà oyún ti tóbi tó, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé iyọ̀ àti sìgá kò léwu mọ́. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde níhìn-ín kí ó ní akọ̀wé sọ pé ìyá òun ni ó fa ẹ̀jẹ̀ ríru òun, kí ó wá lọ da oògùn rẹ̀ nù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé kí a kàn máa rọ ọmọ yó ni. Ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìwé àwọn 8,760 ènìyàn tí a bí láti 1934 dé 1944. Àwọn tí àrùn ọkàn wá mú ni àwọn tí wọ́n kéré nígbà tí a bí wọn, tí wọ́n rù ní ọmọ ọdún méjì, tí wọ́n sì wá ń sanra kíákíá lẹ́yìn náà. Oúnjẹ tí ó pẹ́ kí ó tó dé kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ tí ó dé lásìkò.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí Nàìjíríà. Ní 2009 àwọn onímọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà àwọn àgbàlagbà 1,339 ní Enugu. Àwọn tí wọ́n wà nínú oyún tàbí lọ́wọ́ ìyá wọn nígbà ìyàn ogun abẹ́lé, láti 1968 dé oṣù kìíní 1970, ni ẹ̀jẹ̀ wọn ga ju ti àwọn tí a bí lẹ́yìn ìyàn náà, ṣúgà wọn sì ga jù. Ogun ti parí láti bí ogójì ọdún nígbà náà.

Ó kù ohun kan tí Barker ń tẹnu mọ́, òun ni ó sì kan àwa gan-an. Ó ní kì í ṣe oúnjẹ tí aboyún jẹ lánàá nìkan ni ọmọ inú ń jẹ. Ara ìyá náà, bí a ti tọ́ ọ láti kékeré, ni ọmọ ń jẹ. Ẹni tí ebi pa ní ọmọdébìnrin, ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ta ni ó ń jẹun kẹ́yìn nínú ilé wa? Ọmọbìnrin tí a mú wá láti ilé láti bá wa ṣiṣẹ́ ni. Òun ni ó ń gbé igbá kiri láti àárọ̀, òun ni ó ń se ọbẹ̀, ẹran a lọ sọ́dọ̀ bàbá, ìdí ìkòkò a kù fún un. Ìyá ọ̀la sì ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan, ṣùgbọ́n mo ń wọ ilé yín gba owó oṣù, mo sì ń rí i. A tún ń sọ pé ẹyin àti ẹran a máa sọ ọmọdé di olè. Èmi kò tíì rí olè kan tí ẹyin sọ di olè.

A kò ní í lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Àwọn tí wọ́n wá láti Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé yóò ti gbọ́ nípa Dókítà David Morley, tí ó wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní 1956. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì lé àwọn ìyá lọ́wọ́, tí wọ́n ń fàmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń wà. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá ń rí i bí ilà náà bá ń gòkè tàbí bí ó bá dúró sójú kan, kí ọmọ tó rù hàn sójú ayé.

Àbá mi rèé. Kí ẹ̀ka yìí ra òṣùwọ̀n ọmọdé kan àti ìwé ńlá kan, kí wọ́n wà lọ́dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́. Kí a máa wọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ ìpàdé, kí a sì kọ orúkọ aboyún sílẹ̀, kí a lè mọ ẹni tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kò tó ra ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin. Kí a kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin tí ń bá wa gbé náà sínú rẹ̀, kí a sì máa wọn àwọn náà. Ẹ̀wà fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èmi yóò mú un wá láti ìsọ̀ mi. Akápò yóò sọ pé kò sí owó àfi ti ìsìnkú. Owó yẹn ni mo ń wí. Ẹ mọ iye tí a ń san fún mọ́tò láti gbé òkú kan láti Kánò dé ilé. Kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀. Mo fi àbá náà síwájú ìpàdé. Ẹni tí yóò bá mi tì í lẹ́yìn, kí ó nàwọ́ sókè.