Irin Wíwun Tí A Fi Ń Dí Ihò Inú Ọkàn



Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú ihò lára ògiri tí ó wà láàárín yàrá méjì òkè inú ọkàn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré láìfura. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá tóbi, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ẹ̀dọ̀fóró dé, tí ó yẹ kí ó lọ káàkiri ara, yóò gba ibẹ̀ padà sí ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn yóò sì máa ṣe àṣekún iṣẹ́ títí àárẹ̀ yóò fi mú un.

Láyé àtijọ́, àfi kí oníṣẹ́ abẹ la àyà kí ó tó lè dí i. Ní ọdún 1975, ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, Terry King àti Noel Mills ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ara dé ọkàn, wọ́n sì ṣí agboòrùn kékeré méjì sí ìhà méjèèjì ihò náà. Ihò dí láìla àyà.

Kí nǹkan ṣeé ṣe ọ̀tọ̀, kí ó má léwu ọ̀tọ̀. Ọ̀pá náà nípọn jù fún ọmọdé. Apá irin agboòrùn mìíràn, tí a lò ní ìparí àwọn ọdún 1980, ń kán nínú ara àwọn aláìsàn kan. Bí ó bá sì ṣí síbi tí kò yẹ, fífà á padà di ìṣòro.

Kurt Amplatz, oníṣègùn ọmọ Austria tí ó ṣiṣẹ́ ní Minnesota, kò lo apá agboòrùn rárá. Ó hun wáyà irin tín-ín-rín bí ẹni hun ìgèrè. Bí a bá nà án, yóò wọ inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá jáde, yóò padà sí ìrísí rẹ̀: àwo pẹlẹbẹ méjì, ìbàdí kúkúrú láàárín wọn tí yóò dí ihò náà. Okùn irin ni a lọ́ mọ́ ọn bí ìdérí ìgò. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n náà wà: níwọ̀n ìgbà tí oníṣègùn kò bá tíì tú okùn náà, ó lè fà á padà kí ó tún un gbé. Ọdún 1995 ni a kọ́kọ́ fi sí ara ènìyàn. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2001.

Ewu kò tán pátápátá. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n irin náà lè máa ha ògiri ọkàn títí yóò fi lu, pàápàá bí ó bá tóbi jù. Nítorí náà ni a ṣe ń wọn ihò dáadáa. Ihò tí kò ní etí tí irin lè dì mú, iṣẹ́ abẹ ni ó kàn. Bí àyà bá sì ń dun ẹni tí a fi í sí lára, tàbí tí ó dákú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.