ABẸ́RẸ́ ÍNSÚLÍNÌ: KÍ NI A FI Ń ṢE É?

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn ará ilé ìkàwé sọ ní ìhà àríwá Èkìtì

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Níbikíbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan kì í ṣàì jáde: “Abẹ́rẹ́ tí dókítà ní kí ọmọ wa máa gbà lójoojúmọ́ yìí, kí ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé kì í ṣe ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú un?” Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ó yẹ kí ènìyàn mọ orírun ohun tí ń wọ inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Wọn a dá abẹ́rẹ́ náà dúró, ẹ̀mí a sì bọ́.

Lẹ́yìn àpòlúkù olúkúlùkù wa, ẹ̀yà ara kan wà tí ń ṣe èròjà tí a ń pè ní ínsúlínì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣí ìlẹ̀kùn ara fún ṣúgà tí ó ti inú iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì wá, kí ara lè fi ṣe agbára. Bí kò bá sí, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀ lásán, ebi yóò sì máa pa ara. Aláìsàn yóò máa mu omi púpọ̀, yóò máa tọ̀ léraléra, yóò sì máa rù. Àwọn ọmọdé kan wà tí ara wọn kò lè ṣe é mọ́ rárá. Bí wọn kò bá rí abẹ́rẹ́ yìí gbà, wọn kò lè yè.

Ní ọdún 1921, Frederick Banting àti Charles Best, ní ìlú Toronto ní Kánádà, rí ọ̀nà láti yọ ínsúlínì láti inú ara ẹran. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, a fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ní abẹ́rẹ́ náà, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí 60 ọdún, ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni a ti ń yọ ọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà. Ní ọdún 1977, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà mú kí bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, ṣe èròjà ara ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú yàrá ìwádìí. Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Genentech àti ti City of Hope, ní California, fi ọ̀nà kan náà ṣe ínsúlínì ènìyàn. Ní ọdún 1982, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa tà á.

Báwo ni kòkòrò ṣe lè ṣe ohun tí ó jẹ́ ti ènìyàn? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilé arọ ní Ìrè, ìlú Ògún. Alágbẹ̀dẹ kan ń rọ ọkọ́ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbé àwòṣe àdá fún un, ẹwìrì rẹ̀ ni yóò fín, irin rẹ̀ ni yóò lù, ṣùgbọ́n àdá ni yóò jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Inú ohun alààyè gbogbo ni àwòṣe iṣẹ́ wà. Àwọn onímọ̀ fi àwòṣe ínsúlínì ènìyàn sínú bakitéríà kan tí irú rẹ̀ ń gbé inú ìfun wa. Bí ààyè bá gbà á, ọ̀kan a di méjì láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àtọmọdọ́mọ wọn a sì máa ṣe ínsúlínì. Lẹ́yìn náà ni a óò pa àwọn kòkòrò náà, tí a óò yọ ínsúlínì, tí a óò sì sẹ́ ẹ títí yóò fi mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń lo ìwúkàrà, ìbátan èyí tí ń mú búrẹ́dì wú. Nítorí náà, ínsúlínì ènìyàn tí a ṣe báyìí kì í ṣe ara ẹlẹ́dẹ̀, kò sì sí kòkòrò alààyè nínú rẹ̀.

Ó kù sí ọwọ́ wa láti tọ́jú rẹ̀. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ìgò tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí omi ti ń dì. Bí ó bá dì, ó ti bàjẹ́. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti dúró, ẹ lo ìkòkò amọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa ní Ìsàn ń mọ. Ẹ gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ẹ da iyanrìn tí ẹ ti fi omi rin sí àárín wọn, ẹ fi ọ̀rá wé ìgò oògùn kí ẹ tó gbé e sínú ti kékeré, kí ẹ sì fi aṣọ tútù bò ó. Ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ó wà, kí iyanrìn má sì gbẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì iye ọjọ́ tí ìgò tí a ti ṣí yóò lò.

Ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ fi ebi panú. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ó sì ń làágùn, tí ó ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ tètè fún un ní omi ṣúgà. Bí ara bá sì yá, ẹ má ṣe fi àgbo rọ́pò rẹ̀: abẹ́rẹ́ náà ni ó mú ara yá. Bí ọmọ yín bá ń mu omi ní àmujù, tí ó ń rù, ẹ má dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín, tàbí sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó.

Mo mọ̀ pé owó oògùn náà kò kéré. Ní ọdún 1923, dọ́là kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ ìwárí náà gbà lọ́wọ́ Yunifásítì Toronto, kí ó lè tó gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹbí àti ẹgbẹ́ fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ran aláìsàn àárín wọn lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.