Ọ̀rọ̀ Ìfiwéra Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì
Àsọyé tí a ṣe ní Ìpatà, Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyíinì ni "jù". Láti 1843, nígbà tí a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Ajayi Crowther ní London, ni a ti ń to ọ̀rọ̀ wa sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kì í fi gbogbo ìgbà bá èkejì rẹ̀ dọ́gba.

Bí a bá rí àgbò méjì ní ọjà Ìpatà, a ó wí pé, "Èyí sanra ju ìyẹn lọ." Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, a ó wí pé, "Èyí ni ó sanra jù lọ." Bí a bá sì wí pé, "Ó sanra jù," ó lè jẹ́ ìyìn, ó sì lè jẹ́ àbùkù, ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni yóò fi hàn. Ṣùgbọ́n Òyìnbó pín in: "fatter" fún méjì, "fattest" fún púpọ̀, "too fat" fún èyí tí ó ti rékọjá ààlà. Ìwé kò sì ní ohùn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sí oníbàárà pé, "My ram is too fat," ti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́.

Ti àgbò kò tilẹ̀ tó nǹkan. Mo ti rí ìwé ẹ̀rí tí a kọ fún ọmọkùnrin kan tí ń wá iṣẹ́ pé, "He is too quiet." Ìwà tútù rẹ̀ ni a fẹ́ yìn, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá yóò kà níbẹ̀ ni pé ọmọ náà kò lè la ẹnu. "Very quiet" ni ìbá tọ́.

"More better" ńkọ́? "Better" ti gbé "jù" sínú. A kì í dé fìlà lé fìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "senior", tí ó ti inú èdè Látìn wá: "senior to me" ni a ń wí, kì í ṣe "senior than me", kì í sì í ṣe "he senior me" tí a ń gbọ́ kiri.

Ó ku ọ̀kan. "Ìyá fẹ́ràn Àìná jù mí lọ": ṣé ìfẹ́ ìyá sí Àìná ni ó ju ti èmi sí Àìná, tàbí èmi ni ìyá kò fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀? Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "than I" ni ti àkọ́kọ́, "than me" ni ti èkejì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kì í pa èyí mọ́ dáadáa. Nítorí náà, bí ti àkọ́kọ́ ni ẹ ń wí, ẹ kọ "than I do". Bí ti èkejì ni, ẹ kọ "than she loves me".