Aràn Tó Ń Fara Pamọ́ Sínú Ẹ̀jẹ̀

Bí ọmọ bá ń tọ̀ ẹ̀jẹ̀, àwọn kan á ní oòrùn ló pa á, àwọn mìíràn á ní ó ti ń bàlágà ni. Níbi tí àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lódò, aràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àtọ̀sí ajá là ń pe àrùn náà.

Ìgbín kéékèèké inú omi ni ọmọ aràn yìí ti ń dàgbà. Bí ènìyàn bá wẹ̀ tàbí tó fọṣọ níbẹ̀, ọmọ aràn náà á gba awọ ara rẹ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Akọ àti abo á wá jọ máa gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ló dé tí ara kò fi pa wọ́n? Aràn náà ń fi èròjà inú ẹ̀jẹ̀ wa bora, bí olè tó wọ aṣọ onílé. Ẹyin rẹ̀ ni ara ń rí bá jà. Ẹyin ọ̀hún ní ẹ̀gún nídìí. Bó bá há sínú àpò ìtọ̀, ara á gbógun yí i ká, ojú ibẹ̀ á wú, á sì dá àpá. Ìjà yẹn gan-an ló ń ba àpò ìtọ̀ jẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusola Ojurongbe ti Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Tübingen ní Jámánì, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà wò. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 àti 2013 fi hàn pé èròjà méjì tó máa ń tètè dá àlejò mọ̀ nínú ara, ficolin-2 àti mannose-binding lectin, pọ̀ lára àwọn tí kò ní àrùn náà ju àwọn tó ní in lọ. Àbùdá tí a bí mọ́ ẹni tilẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu bí èròjà méjèèjì ṣe ń pọ̀ tó.

Irú ìmọ̀ yìí ló lè ṣínà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà, èyí tí kò tíì sí. Oògùn praziquantel ń pa aràn tó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá padà sódò lè tún kó o.

Ẹ̀yin òbí, bí àwọn olùwádìí bá wá gba ìtọ̀ ọmọ yín lọ́sàn-án, ẹ má fòyà. Ìgbà náà ni ẹyin ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi maikirosíkóòpù wò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lo oògùn tí wọ́n ń pín nílé ìwé. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má ṣe tọ̀ sódò. Bó bá sì tọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi àgbo dá a dúró sílé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.