Ẹnu Ìkòkò Tí A Kì Í Dí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Amómigbóná Tí Ń Jò

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, nítorí kò sí ẹni tí kò bá omi ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá há omi mọ́ inú àgbá irin, tí a sì fi iná mànàmáná sí i nínú, ọ̀rẹ́ ọmọ aráyé yìí lè yí ojú padà. Kókó ọ̀rọ̀ òní dá lórí ẹ̀rọ amómigbóná, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní hítà. Bí ó bá ń jò, tàbí bí ó bá bẹ́, kí ni ó yẹ kí onílé kọ́kọ́ ṣe? Kí sì ni kò gbọdọ̀ ṣe rárá?

Ẹ̀rọ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1889 ni Edwin Ruud, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tí ó ń gba omi sínú àgbá, tí ó sì ń mú un gbóná fúnra rẹ̀. Gáàsì ni tirẹ̀ ń lò. Iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ èyí tí ó wà nínú ilé ìwẹ̀ wa ń lò. Omi tútù ń gba páìpù kan wọlé, omi gbígbóná ń gba òmíràn jáde. Irin kan wà nínú omi náà tí iná ń mú gbóná. Ẹ̀ṣọ́ ooru wà pẹ̀lú, tí ń já iná nígbà tí omi bá gbóná tó. Fáàfù ààbò sì wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí bí ipá inú àgbá bá pọ̀ jù.

Ibi mẹ́ta ni hítà sábà máa ń gbà jò. Èkíní ni oríkèé páìpù. Èyí kò le. Oníṣẹ́ páìpù lè tún un dè. Èkejì ni ara àgbá fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àgbá irin, àwọn tí ó ṣe é a máa fi ọ̀pá magnesium sí i, kí ìdógùn-ún lè máa jẹ ọ̀pá náà dípò àgbá. Bí ọ̀pá bá jẹ tán tí a kò pààrọ̀ rẹ̀, àgbá ni ó kàn. Àgbá tí ó bá ti lu báyìí kò ní àtúnṣe tí ó ṣeé gbára lé. Òmíràn ni kí a rà. Ẹ̀kẹta ni ẹnu fáàfù ààbò, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe tí ó burú jù wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá tí ó gbé omi ọkà kaná. Bí omi bá hó, ìdérí ìkòkò a máa fò, a sì máa pariwo. Kò sí ìyá tí yóò tìtorí ariwo yìí fi okùn de ìdérí mọ́ ìkòkò. Ó mọ̀ pé èémí gbọ́dọ̀ jáde. Fáàfù ààbò ni ìdérí ìkòkò hítà. Síbẹ̀, bí àwọn onílé mìíràn bá rí omi tí ń kán ní ẹnu rẹ̀, wọn a wá nǹkan fi dí i pa, wọn a ní àwọn ti tún un ṣe.

Omi tí a bá mú gbóná a máa fẹ̀. Bí lítà 50 omi bá kúrò ní ìwọ̀n ooru 25 Celsius dé 65, yóò fi bíi lítà 0.8 pọ̀ sí i. Bí èyí kò bá rí ọ̀nà padà sínú páìpù, ẹnu fáàfù ni yóò gbà. Ìdí nìyí tí kíkán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi ń gbóná kì í fi í ṣe àrùn lára ọ̀pọ̀ hítà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kán láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ó ń tú omi gbígbóná jáde, ó ń ké sí onílé ni: bóyá ẹ̀ṣọ́ ooru ti bàjẹ́, bóyá ipá omi inú páìpù ti pọ̀ jù, bóyá fáàfù náà ti gbó.

Kí a wá ní ẹ̀ṣọ́ ooru bàjẹ́, tí a sì ti dí ẹnu fáàfù. Iná kò já mọ́. Nítorí pé omi náà há mọ́lé, yóò gbóná kọjá ìwọ̀n 100 láìhó. Lọ́jọ́ tí àgbá bá ya, apá kan nínú rẹ̀ yóò di èéfín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi tí ó bá sì di èéfín a máa fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ. Ipá yìí lè wó ògiri, ó sì lè ṣí òrùlé.

Ewu kejì wà nínú iná mànàmáná. Bí omi bá ti bo ilẹ̀, garawa àti aṣọ ìnulẹ̀ ni ọkàn onílé kọ́kọ́ ń lọ sí. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Hítà tí ń lo wáàtì 2,000 lórí iná fólítì 230 ń fa bíi áńpíà 9. Fíúsì rẹ̀ kò sì ní já bí iná kò bá ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpíà kan, bí ó bá gba àyà ènìyàn kọjá, lè pa á. Waya ni fíúsì ń ṣọ́. Kì í ṣọ́ ènìyàn.

Nítorí náà, iná ni kí a kọ́kọ́ pa, níbi súìṣì àgbà tí ó wà ní ibi gbígbẹ, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú ilé ìwẹ̀ tí omi ti rin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé iná ti lọ, pé kò séwu. Iná tí wọ́n mú lọ lè dé nígbà tí ọwọ́ onílé wà nínú omi. Bí omi bá ti dé ibi súìṣì àgbà, kí ará ilé jáde, kí wọ́n pe oníṣẹ́ iná. Lẹ́yìn iná ni omi: kí a ti páìpù omi tútù tí ń wọ inú hítà, tàbí èyí tí ó ti ìdí táńkì wá. Ẹ̀yìn èyí ni garawa kàn. Kí a jẹ́ kí omi inú àgbá tutù kí a tó tú u dànù, nítorí omi tí ó gbóná dé ìwọ̀n 60 lè bó ènìyàn lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Bí hítà bá ń kùn, tí èéfín ń yọ lára rẹ̀, kí a pa iná láti òkèèrè, kí a má ṣe sún mọ́ ọn, kí a má ṣe fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ kankan. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ìtọ́jú sàn ju àtúnṣe lọ. Kí waya tí ń wọ ilẹ̀ wà lára hítà. Kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ tí ń já iná ní mílíáńpíà 30 sí i; ènìyàn ni èyí ń ṣọ́. Níbi tí omi kì í ti í wá déédéé, kí a má ṣe tan hítà tí àgbá rẹ̀ ti gbẹ. Kí oníṣẹ́ sì máa yẹ fáàfù àti ọ̀pá magnesium wò látìgbàdégbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kan ni kí ẹ mú lọ sílé. Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù wá ibi tí súìṣì àgbà ilé rẹ̀ wà àti ibi tí a ti ń ti omi, kí ó sì fi han gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá sì rí omi tí ń kán ní ẹnu fáàfù, ẹ ránṣẹ́ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má ṣe dí i lẹ́nu. Ire o.