Alága Káńsù Àti Ìṣirò Owó Ìlú



Láti 2003 ni a ti ní káńsù Àgbóyì-Kétu. Kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí Òfin Ìpìlẹ̀ kà. Ọwọ́ mìíràn ni owó rẹ̀ ń gbà wá. Nítorí náà, ó yẹ kí ojú wa là sí i.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025 ni a dìbò yan alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀ fún ọdún 4. Ìbò ló gbé wọn gorí àga. Ìbò náà ló lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

Akápò ẹgbẹ́ wa ń ka ìṣirò fún wa lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí a kọ̀wé pe alága káńsù kí ó wá ka tirẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀tá: oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kí ó má ní ààlà.